Lẹ́tà sí Nọ́ọ̀sì tó ń Sá fún Nọ́ọ̀sì

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ òru o. Bí mo ṣe mọ̀ yín, ẹ ó ti wọlé báyìí, ẹ ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó sì máa wá ẹni tẹ́ ẹ máa bá wí kẹ́ ẹ tó lọ sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Èmi ló kàn láti báni wí lónìí. Ẹ̀yin lẹ kúkú fún mi láyè pé kí n kọ ọ́ síta, ẹ ní kí n ṣáà má dárúkọ. Mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó bá mọ nọ́ọ̀sì Yorùbá kan, ọmọ ọdún 53, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ pé bó bá kàn húkọ́ lásán, àwọn dókítà kéékèèké á ti máa tún ọrùn ẹ̀wù wọn ṣe, á ti fura. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ò kàn án.

Ẹjọ́ tí mo mú wá rèé. Lẹ́tà NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní kẹ́ ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ (smear) wà lára fíríìjì yín. Mo rí i nígbà tí mo wá kí yín. Lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà ìránnilétí wà, lábẹ́ ìyẹn òmíràn tún wà tí bébà rẹ̀ ti pọ́n. Ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn lẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà sí: ẹ̀gúsí, irú, ọṣẹ ìfọbọ́, káàdì ọjọ́ ìbí Pásítọ̀. Àǹtí, ẹ fi ìwé ìlera ṣe ìwé ọjà!

Ẹ̀yin náà lẹ pe màmá mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, tí wọ́n ti wé gèlè tán, tẹ́ ẹ ní àfi kí wọ́n ṣèlérí lórí fóònù pé àwọn máa lọ yẹ ọmú wò kí wọ́n tó jáde nílé. Ẹ̀yin náà lẹ ká ọkọ àbúrò yín mọ́ ibi ìnáwó ní Peckham, tẹ́ ẹ fà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kó ọtí sí, tẹ́ ẹ wá ń bi í léèrè prostate rẹ̀ bí ẹni ń bèèrè owó tó yá lọ́wọ́ yín. Òwe tẹ́ ẹ pa fún un lọ́jọ́ náà ni mo dá padà fún yín: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tá ò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kòkòrò ti wa nílẹ̀ yìí tiẹ̀ ní orúkọ. HPV ni.

Nígbà tí mo na ìka sí fíríìjì, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Èmi tí mi ò mọ ọkùnrin mọ́ láti ìgbà tí Abíọ́lá ti wọlé ìbò, kí ni wọ́n fẹ́ lọ wò níbẹ̀?" Àǹtí Kejì, tẹ́ ẹ jọ ń gbé, tó ń gé ilá lẹ́yìn yín, náà rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí dáadáa. Láti ìgbà tí Abíọ́lá ti wọlé ìbò. Ọdún 1993 nìyẹn. Ẹ dákun, kí Abíọ́lá tó wọlé ìbò ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ dáhùn níta o. Mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ.

HPV ò mọ ìtàn ìṣèlú. Ó lè wọ ara ẹni ní ọmọ ogún ọdún, kó dákẹ́, kó má dun èèyàn níbì kankan. Láti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń yí padà sí ìgbà tó máa di jẹjẹrẹ, ọdún 15 sí 20 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sábà máa ń kà fún ẹni tára rẹ̀ le. Ká tiẹ̀ ní ẹ ò mọ ọkùnrin rí láyé yín, kòkòrò náà ò nílò ọkùnrin kó tó rìn. Awọ sí awọ ni, ọwọ́ sí abẹ́, ẹnu sí abẹ́, ohun ìṣeré tí ẹni méjì jọ ń lò. Obìnrin lè kó o ran obìnrin. Nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ 100, ó lé ní 95 tó jẹ́ pé òun ló wà nídìí rẹ̀. Harald zur Hausen, ará Jámánì tó tọ ipa rẹ̀ títí tó fi bá a níbẹ̀, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ ní 2008. Gbogbo làálàá yẹn, ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ lẹ kọ irú sí.

Kí n má purọ́ mọ́ yín, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dá irọ́ yìí sílẹ̀. Ẹ ti sọ fún mi rí: dókítà kan ló fi lé yín lọ́wọ́, nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn àdúgbò kan. Ẹ sọ fún un pé obìnrin lẹ bá ń gbé. Ó ní, "Ó dáa, a jẹ́ pé ẹ ò nílò smear nìyẹn," ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé. Ẹ̀yin nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. NHS fúnra rẹ̀ ti wá ń kọ ọ́ síta gbangba báyìí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ọrùn ilé ọmọ, láti ọdún 25 dé 64, ni àyẹ̀wò náà wà fún, ẹni yòówù kó máa fẹ́. Dókítà yẹn ti lè fẹ̀yìn tì o, kó máa bomi rin òdòdó níbì kan. Irọ́ rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n, Àǹtí, ta là ń tàn? Nọ́ọ̀sì ni yín. Ẹ ti mọ̀ tipẹ́ pé irọ́ ni. Ohun tẹ́ ẹ ń sá fún ni yàrá yẹn.

Ẹ lọ rí, lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ti bọ́ ṣòkòtò, ẹ ti dùbúlẹ̀ lórí bébà tó ń ró wàrà wàrà lábẹ́ ìdí yín, ẹ fi aṣọ pélébé kan bo itan, nọ́ọ̀sì wá kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ ṣe nǹkan oṣù kẹ́yìn? Kí lẹ ń lò láti má lóyún?" Ẹ ní kò sí. "Kò sí? Ṣé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti lóyún?" Ẹ ní rárá. "Ṣé ó dá yín lójú?" Ẹni tó ti ń fọgbọ́n gbé ayé rẹ̀ láti kékeré wá máa yan ọ̀kan nínú méjì: kó purọ́, àbí kó máa ro ìtàn ìfẹ́ rẹ̀ fún àlejò nígbà tí kò wọ pátá. Ẹ purọ́. Ẹ ní ọkọ yín wà ní Nàìjíríà. Nọ́ọ̀sì náà bá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín káàánú ọkọ tí kò sí. Ìgbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún wa, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ ò padà lọ mọ́.

Ìyẹn nígbà tí nọ́ọ̀sì jẹ́ òyìnbó. Bó bá wá jẹ́ tiwa ńkọ́? Láti Peckham títí dé Camberwell, ilé ìwòsàn wo lẹ fẹ́ wọ̀ tẹ́ ẹ ò ní bá ọmọ Yorùbá? Ẹni tó máa ní kẹ́ ẹ ṣí itan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lè jẹ́ ẹni tó máa dúró láàárín kóòrì lọ́jọ́ Àìkú, tí á máa kọrin, tí á sì máa wò yín. Ẹ̀rù ń bà yín pé ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ ìyá ìjọ kílẹ̀ tó ṣú, pé kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, Abẹ́òkúta á ti gbọ́ nípa Àǹtí Kejì, ẹni tí gbogbo ẹbí mọ̀ sí "èyí tí wọ́n jọ ń san rẹ́ǹtì". (Ẹ̀yin méjèèjì ti ra ilé láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bàbá wa àgbà ṣì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá yín san rẹ́ǹtì.)

Mo gbà pé ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú àwọn èèyàn wa láti ọjọ́ yìí wá, ta lẹ ti rò fún rí? Mo ti fi ọgbọ́n bi yín léèrè nípa ìyàwó pásítọ̀ kan rí, àgbọ́sọ ló ń gùn mí. Ẹ kàn wò mí ni. Ẹ ò bínú, ẹ ò dáhùn, ẹ ń wò mí títí mo fi dìde lọ fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Àbí ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni nọ́ọ̀sì Yorùbá tó mọ ẹnu dé ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Bọ̀dá Onírùngbọ̀n. (Òun náà ti fọwọ́ sí i. Ó ní àfi kí n kọ ọ́ pé irùngbọ̀n òun dáa ju ti gbogbo ọkùnrin ilé wa lọ. Mo ti kọ ọ́.) Wọ́n bí i ní obìnrin, ọkùnrin ló ń gbé báyìí, trans ni. Ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, kò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ní kí wọ́n yí F (obìnrin) padà sí M (ọkùnrin) nínú ìwé rẹ̀ nílé dókítà, wọ́n fún un ní nọ́ńbà NHS tuntun, inú rẹ̀ dùn, ó ra súyà fún gbogbo wa. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún un ni pé ọjọ́ náà gan-an ni lẹ́tà dáwọ́ dúró. Kọ̀ǹpútà tó ń pe àwọn èèyàn wá fún àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ ní England kì í bèèrè ohun tó wà nínú ara. F tàbí M ló ń wò. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin trans, tí kò ní ọrùn ilé ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ń gba ìwé ìpè pé kó wá yẹ ọrùn ilé ọmọ wò. Bọ̀dá Onírùngbọ̀n tó ní i, kò gba nǹkan kan. Bó bá sì pé 50 tí ọmú rẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀, kọ̀ǹpútà á tún fò ó nígbà àyẹ̀wò ọmú, èyí tí wọ́n ń pe àwọn F sí lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta títí dé ọjọ́ ìbí 71.

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ o. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kàn máa rántí, òun ni yóò máa pè, òun ni yóò sì máa ṣàlàyé. Ó wá ku ẹni tí yóò ṣàlàyé fún: ọmọbìnrin tó jókòó ní risẹ́pṣọ̀n, níwájú gbogbo èrò tó ń dúró de dókítà. Bọ̀dá ní òun fẹ́ ṣe smear. Ọmọ náà fi ọ̀yàyà gbójú sókè: "Fún ìyàwó yín ni, sà?"

Ẹ̀yin lẹ tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹ kàn fi ìgbọ̀nwọ́ lé orí tábìlì náà ni, ẹ ní, "Fún òun ni. Kọ ọ́ sílẹ̀." Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ wéré. Nígbà tẹ́ ẹ tún wọ inú yàrá, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé ọkùnrin yìí ní ọrùn ilé ọmọ, kí àwọn ilé àyẹ̀wò má baà rí M kí wọ́n rò pé àṣìṣe ni. Ẹ mọ gbogbo ẹ̀, Àǹtí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn kan tí kò sí lọ́wọ́ yín.

Èsì àkọ́kọ́ dé, wọ́n ní ohun tí wọ́n gbà kò tó láti yẹ̀ wò. Àwa rò pé nọ́ọ̀sì ló kánjú. Ẹ̀yin lẹ ṣàlàyé fún wa pé testosterone tó ń hu irùngbọ̀n náà ló tún ń mú kí ojú ara gbẹ kó sì fẹ́lẹ́, kí irin àyẹ̀wò máa dùn ún, kí ohun tí wọ́n ń rí gbà máa kéré. Ìwádìí kan láti Boston tó jáde ní 2014 fi hàn bẹ́ẹ̀: nínú smear àwọn ọkùnrin trans, ìdá 10.8 nínú 100 ni kò ṣeé lò, ti àwọn obìnrin yòókù jẹ́ 1.3 péré. Ẹni tó ti kó gbogbo ìgboyà rẹ̀ jọ láti lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó tún padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ni kò ní padà. Ó padà. Ẹ̀yin lẹ tún tẹ̀lé e, ẹ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀, ẹ gbé ìrẹsì dání. Ẹ̀yin!

Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wo fíìmù Southern Comfort, tí Kate Davis ṣe, tó gba ẹ̀bùn ńlá ní Sundance ní 2001. Mo wò ó. Ìtàn Robert Eads ni, ọkùnrin trans kan ní ìgbèríko Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó máa ń mu páìpù, tí ẹ bá rí i lójú títì, ẹ ó ní bàbá àgbẹ̀ kan ló ń kọjá. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni wọ́n rí lára rẹ̀ ní 1996. Dókítà tó lé ní ogún kọ̀ láti tọ́jú rẹ̀, nítorí kí ni àwọn aláìsàn yòókù máa wí bí wọ́n bá rí bàbá onírùngbọ̀n láàárín àwọn obìnrin? Ìgbà tí ilé ìwòsàn kan fi máa gbà á ní 1997, àrùn ti ràn ká. Ó kú ní oṣù Kìn-ín-ní 1999, ọmọ ọdún 53. Ẹ wo ọjọ́ orí yẹn dáadáa. Mo mọ̀ pé kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n ń pe gbogbo ayé sí fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, pé ìtọ́jú ni wọ́n fi dù ú. Síbẹ̀, àti àwọn dókítà Georgia yẹn, àti kọ̀ǹpútà tó ń wo M, àti èyí tó ní ẹ ò nílò smear, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ṣe: wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ irú ẹni téèyàn jẹ́, wọ́n sì gbàgbé láti bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ máa ní mo ti gbàgbé ilé. Mi ò gbàgbé. Ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tó ṣì wà ní Ìbàdàn, kò sí lẹ́tà tó ń dé ilé rẹ̀. Kò sí èyí tó ń dé ilé obìnrin kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ráyè ló ń lọ, tàbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àyẹ̀wò wá sí ìta gbangba, tí wọ́n á fi omi ọtí kíkan pa ọrùn ilé ọmọ kí wọ́n lè rí ibi tó bá funfun. Àyẹ̀wò tí kò wọ́n nìyẹn, kò sì le. Àmọ́ ìbéèrè tó wà lókè káàdì ńkọ́? Orúkọ ọkọ. Iye ọmọ. Ó ní òun máa ń kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin síbi ọkọ, Ọlọ́run á dárí jì òun.

Láti oṣù Kìn-ín-ní 2014 tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà fún ìgbéyàwó náà, ọdún 10 sì wà fún ẹni tó bá fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba tàbí tó bá ti ẹgbẹ́ wọn lẹ́yìn. Òfin náà ò sọ pé kí dókítà má tọ́jú ẹnikẹ́ni. Kò nílò láti sọ ọ́. Ní Abuja, àwọn olùwádìí kan ti ń tọ́jú àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ṣáájú òfin náà, torí náà wọ́n rí bó ṣe rí kó tó dé àti lẹ́yìn tó dé. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú The Lancet HIV ní 2015 ni pé lẹ́yìn òfin, àwọn tó ń bẹ̀rù láti lọ gba ìtọ́jú pọ̀ sí i. Ẹ̀rù ọ̀rẹ́ yín ní Ìbàdàn yé mi. Mi ò ní fi í ṣẹ̀fẹ̀. Tiyín ni kò yé mi: ta ló fẹ́ wá mú yín ní Camberwell?

Ohun kan ń dùn mọ́ mi nínú ní ti ilé, kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Láti oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n ti ń gún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV ní Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀fẹ́. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án léèrè ẹni tó máa fẹ́ lọ́la. Ẹ̀yin àti Àǹtí Kejì ti dàgbà jù kí abẹ́rẹ́ náà tó dé, nílé àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àyẹ̀wò nìkan ló kù fún yín.

Ẹ ní kí n má gbàgbé àwọn jẹjẹrẹ tó kù, n ó sáré kà wọ́n. Obìnrin trans ṣì ní prostate, kódà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìsàlẹ̀; bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ni jẹjẹrẹ prostate máa ń bá láyé rẹ̀; prostate ò mọ̀ pé ìwé ti yí padà. Ti jẹjẹrẹ ihò ìdí náà wà, HPV kan náà ni, ó sì ń yọ àwọn tó ní HIV lẹ́nu jù: ìwádìí ANCHOR tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2022 fi hàn pé bí wọ́n bá tètè rí ohun tó ń bọ̀ wá di jẹjẹrẹ níbẹ̀ tí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ewu náà dín kù ní ìdá 57 nínú 100. Àwa Yorùbá tá à ń fi ìdí bú ara wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó wá di pé ká sọ fún dókítà pé ìdí ń dùn wá, ẹnu wa á wúwo.

Ṣé ẹ wá mọ àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù? Ti ìgbẹ́. Ní England, ẹni tó bá ti pé 50 títí dé 74, F o, M o, wọ́n á fi àpò kékeré kan ránṣẹ́ sí i nílé lọ́dún méjì méjì nítorí jẹjẹrẹ ìfun. Ìgò kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ ló wà nínú ẹ̀, tí ọ̀pá tín-ín-rín so mọ́ ìdérí rẹ̀. Àǹtí, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ka owó tán, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ọbẹ̀ ilé onílé, ẹ gbé ike áísìkirimù tó ti ṣófo sábẹ́ ara yín, ẹ fi ọ̀pá ha a, ẹ dé e pa, ẹ kọ déètì sí i lára pẹ̀lú ìwé ọwọ́ yín tó rẹwà, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ rìn gba iwájú ilé àwọn ọmọ ìjọ yín kọjá, ẹ jù ú sínú àpótí pupa Royal Mail. Ọjọ́ kejì tó dé lẹ ṣe é! Ẹ tún ń fi ṣakọ fún wa lórí WhatsApp.

Kí ló yàtọ̀? Kò sẹ́ni tó bi yín léèrè ẹni tẹ́ ẹ ń bá sùn. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ bọ́ pátá lójú òun. Ọjọ́ orí nìkan ni kọ̀ǹpútà wò. Ẹ ò bẹ̀rù jẹjẹrẹ, ẹ ò kórìíra àyẹ̀wò. Wọ́n kàn ti fi ìbéèrè lé yín jáde ni. Ó dà bíi pé ó ti ń yé àwọn NHS náà díẹ̀díẹ̀, torí ní oṣù Kẹfà 2025 wọ́n kéde pé láti 2026 àwọn á máa fi irú àpò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ fún HPV, pàápàá fún àwọn tó ti fi lẹ́tà ṣe ìwé ọjà fún ìgbà pípẹ́. (Wọn ò sọ ọ́ báyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n ní lọ́kàn.) Òwú lórí ọ̀pá ni, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lò ó, nínú balùwẹ̀ yín. Bí wọ́n bá wá rí HPV níbẹ̀, ẹ ó ṣì ní láti fojú kan nọ́ọ̀sì o, ẹ má ní n ò sọ fún yín.

Bí ẹ ò bá sì fẹ́ dúró de àpò kankan, fóònù wà. Ẹ ní kí wọ́n lo irin àyẹ̀wò (speculum) tó kéré jù. Ẹ lè fi í sí fúnra yín. Ẹ lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dípò kẹ́ ẹ dojú sókè. Àǹtí Kejì lè wọlé tì yín, wọn ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè iye rẹ́ǹtì. Ẹ lè sọ pé ẹ ò fẹ́ dáhùn ìbéèrè kankan tí kò kan ọrùn ilé ọmọ. Bí ẹ bá ní ó tó, ó tó nìyẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ pé ẹ ò gbọ́ èyí rí, torí ẹnu yín ni mo ti kọ́ gbogbo ẹ̀, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń sọ ọ́ fún Bọ̀dá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Èsì kejì Bọ̀dá Onírùngbọ̀n ti dé, wọn ò rí HPV lára rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a gbélé mọ́. Ó ti wá fi £20 ta tẹ́tẹ́ pé ẹ ò ní lọ kí ọdún yìí tó parí. Mo ní ẹ máa lọ, mo fi £20 tèmi sílẹ̀. Ọwọ́ Àǹtí Kejì ni owó wà. Mo bi í léèrè ẹ̀yìn ẹni tó wà, ó ní òun kàn ń tọ́jú owó ni. Àǹtí, ẹ mọ bí onírùngbọ̀n yẹn ṣe máa ń yọ̀ bó bá jẹ tẹ́tẹ́. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù.

Èmi ni, àbúrò yín tó ń dọ̀bálẹ̀ níbi tọ́wọ́ yín ò ti lè tó o.